Wọ́n Ti Fà Mí Lé Ẹnìkan Lọ́wọ́, Mo Tún Lọ Bá Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, okun o, bí a ṣe ń kíra wa ní Kábbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un nínú ọmọ ìyá rẹ̀, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Bí Màmá bá pè é, fóònù á dún títí, á sì dákẹ́. Màmá á gbé e lé orí àpò kaṣú, á ní bóyá bàbá, bí a ṣe ń pè é, wà lóko. Oko wo? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dá ìjà yìí sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí mò ń wá.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì. Láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti padà sí Kábbà, tí mò ń bá ìyá mi ṣa kaṣú. Gbogbo ibi tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ ni mo kọ̀wé sí, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló là mí lójú. Ó ní, "O ò mọ ẹnìkan, ẹnìkan ò mọ̀ ọ́, o wá jókòó ti kaṣú. Ta ni yóò wá ọ wá?" Òótọ́ ló sọ. Ojú ń tì mí púpọ̀ nígbà náà. Bí àlejò bá wọlé wa, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde. Mo ki ara mi láyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú, mò ń lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, mò ń kí àwọn àgbà, mò ń sọ orúkọ mi àti ohun tí mo lè ṣe láìgbọ̀n. Ènìyàn laṣọ mi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Iyah-Gbede, rí i pé mò ń sapá, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kọ́ níwèé rí, tó ti di ọ̀gá nílé ìwòsàn aládàáni kan. A ru iṣu, a gbé epo lọ. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ mi sí ọwọ́ ọ̀gá náà, ó ní, "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ ni." Ọmọ tí wọ́n bá ti fà léni lọ́wọ́ báyìí lọ́dọ̀ wa kì í tún lọ kúnlẹ̀ níbòmíràn nítorí ọ̀ràn kan náà, àfi bí ẹni tó fà á kalẹ̀ bá padà lọ gbà á. Bó bá lọ, ó ti sọ fáyé pé ẹni àkọ́kọ́ ò tó o ṣe. Ọ̀gá ní ká ṣe sùúrù.

A ṣe sùúrù títí. Kaṣú tán lórí igi, òjò dé, kò sí ìròyìn. Bàbá ní kí n má kánjú. Ìkánjú kẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń bímọ kejì! Níbi ìsìnkú kan ní Ponyan ni mo ti pàdé ìyá kan tó jẹ́ ará Ìyàgbà. A jọ pín oúnjẹ ni, ó fẹ́ràn bí mo ṣe ń ṣe. Àṣé ó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yẹn kan náà! Nígbà tí mo sọ pé iṣẹ́ ibẹ̀ ni mò ń wá, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ti ń bá ọ sọ ọ́ níbẹ̀?" Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ohun tí mo wí nínú mi nìyẹn. Mo ní, "Kò sẹ́nìkan, mà."

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó láti gbani síṣẹ́, ọ̀gá ní òun ní ọmọ kan. Ìyá náà ní òun náà ní ọmọ kan. Orúkọ mi ni àwọn méjèèjì dá! Wọ́n ní àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ò rẹ́rìn-ín. Kálukú yọwọ́, wọ́n sì fún ẹlòmíràn níṣẹ́. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló mú bọ̀. Ọ̀gá pe bàbá, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Bàbá wá sílé wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Okun o, bàbá." Màmá bu omi fún un, kò gbà á. Ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ rẹ dójú tì mí níwájú ọmọ tí mo kọ́," ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá Ìyàgbà yẹn pè mí. Ó bá mi wí gan-an, ó sì dárí jì mí. Ó ní ẹni tí wọ́n gbà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, iṣẹ́ ti di tèmi. Màmá ní kí n lọ, kí n má wo ti òun. Bó ti ń wí i ló tún ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ jáde, ẹ mọ ènìyàn o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ di ọwọ́ yín mú mọ ibi tí ẹ tún ń lọ. Èmi ń kọ́? Ẹ má kàn ní kí n lọ bẹ bàbá. Mo mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo mọ̀ ọ́n: á gbọ́ mi tán, á ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó bá wí bẹ́ẹ̀, ṣé mo lè dìde níwájú rẹ̀ kí n lọ gba iṣẹ́ náà?