A Dúpẹ́ Nínú Òtútù

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ tẹ́rápísìtì, ìyẹn ẹni tó ń gba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn, ń bá ìyá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Dún Laoghaire, nílùú òyìnbó.

"Mọ́mì, tí òtútù bá ti dé báyìí, àwọn èèyàn wa tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń pọ̀ sí i. Tí mo bá ní, 'Báwo ni ara?' wọ́n á ní, 'A dúpẹ́.' Omi á máa bọ́ lójú wọn, a dúpẹ́ náà ni."

"Kí lo wá máa ń sọ fún wọn?"

"Pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa jáde rìn lọ́sàn-án nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo rìn lọ́sàn-án kẹ́yìn?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà ń yí okùn báàgì rẹ̀ mọ́ ìka. "Àwọn tó ń dúró dè mí ti pọ̀ jù, mà."

"Báwo ni ara rẹ?"

"A dúpẹ́, mà."

Ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, mi ò kí ẹ o. Mo bi ẹ́ ni."