Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Jí Lẹ́nu Onígíláàsì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti ń béèrè ìdí tí ìtàn Ẹlẹ́rìn-ín àti Adákẹ́ fi dáwọ́ dúró lójijì lórí fóònù yín. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, irọ́ ni mo ń pa fún yín, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe irọ́, mi ò sì retí àtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta.

Àbúrò mi ni Ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá mi ni, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. A jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì ni. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń kọ ìtàn, torí orúkọ tí mo dá fún ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Bí àbúrò mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sórí àga mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn olólùfẹ́ rẹ̀. Onígíláàsì ni ọkùnrin náà, ó ń gé gíláàsì fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé. Kì í sọ̀rọ̀, báńdéèjì kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀. Òun ni mo sọ di Adákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi á ní, "a jókòó títí lánàá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ. Ó ní gìgísẹ̀ bàtà mi ti ń jẹ. Ó wá bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ tún un ṣe."

A óò rẹ́rìn-ín títí. Tó bá wọ yàrá rẹ̀ lọ, màá gbé fóònù, màá kọ ọ́.

Ẹ fẹ́ràn àwọn méjèèjì gan-an, àfìgbà tí olóòtú ìkànnì tí mo ń kọ ìtàn náà sí pè mí. Ó ní, "Sísítà, àlàáfíà ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí, àwọn èèyàn ti ń pa á tì. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ń wá ìtàn tí wọ́n máa fi ṣeré. Tó o bá lè da àárín wọn rú, tìẹ ni wọ́n máa mú." Mi ò ní dá a lẹ́bi, kò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò yẹn ti wọ̀ mí lójú. Àbúrò mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé onígíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyàwó kan rí, ó sì pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ fún un. Ó sunkún díẹ̀, ó dárí jì í, ọ̀rọ̀ tán. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí fún Adákẹ́ nínú ìtàn, mo sì jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín kọ̀ jálẹ̀, kó da ẹrù rẹ̀ síta. Ẹ ya bò mí. Ẹ ní obìnrin gidi nìyẹn.

Mi ò mọ̀ pé àbúrò mi ń kà á. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àfi bíi pé inú mi ni ẹni tó kọ èyí ń gbé. Obìnrin yìí ò gba ìyà. Kí ló dé tí èmi tètè gbà?"

Ọwọ́ mi dúró nínú omi ọṣẹ. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní, "Ìtàn lásán ni," mo sì rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi dá òrùka onígíláàsì padà, tó sì ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọsibítù má jẹ́ kó wọlé mọ́.

Ni ọkùnrin náà bá wá sí ọ́fíìsì mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó di fìlà rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gé gíláàsì yàrá tá a fẹ́ máa gbé. Aláwọ̀ dúdú ni mo lò, kí oòrùn àárọ̀ má baà jí i tó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Mo ṣàṣìṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíì tí mo lè fún ní fèrèsé yẹn."

Mo ní màá jíṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìtàn mi. Mo sọ fèrèsé di ògiri, mo sọ gíláàsì di ọ̀dà, mi ò yí ohun mìíràn padà. Gbogbo yín sunkún. Àwọn ará rédíò sì pè.

Àbúrò mi náà sunkún. Orí àga mi ló ti kà á tán, ó nu ojú, ó ní, "Ká ní tèmi lè sọ ìdajì èyí, màá fẹsẹ̀ rìn lọ bá a lónìí. Àmọ́ kò tiẹ̀ ránṣẹ́." Ó wá wò mí. "Àbí ó wá sọ́dọ̀ yín?"

Mo ní, "Kò wá."

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ mi. Tí Ẹlẹ́rìn-ín bá gba Adákẹ́ padà, àbúrò mi náà á padà, ohun tí onígíláàsì sì máa kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ò jíṣẹ́ ni? Nítorí náà, mo ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìtàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò mi á jókòó tì mí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rò pé obìnrin yìí máa ṣe?" èmi tí mo ti kọ ọ́ tán á sì máa mi orí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà tún wá, mo wo ojú rẹ̀, mo ní àbúrò mi sọ pé kó má wá mọ́. Kò jiyàn. Ó ní kí n bá òun kí i. Ọdún yípo, ó gbé ẹlòmíì níyàwó.

Lóṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi, sí orúkọ tí mo fi ń kọ̀wé. Àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́, ó sì wà nídìí iná nígbà náà, ó ń gbé omi kaná fún èmi àti òun. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ inú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú Adákẹ́ wà láyé?"

Mo dìde, mo lọ bá a, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó pa iná. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìfi ọ̀dà sí i. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ó ti níyàwó, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni kí n wá fi ṣe?" Ilé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń gbé báyìí.

Mo ti sọ fún àwọn ará rédíò pé mi ò ṣe mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, tí ẹnì kan bá na ẹsẹ̀ sórí àga yín tó ń tú inú rẹ̀ fún yín, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bí ọmọ ìyá. Onígíláàsì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ àti lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Àbúrò mi, mi ò ní kó o dárí jì mí kíákíá. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ láti sọ̀rọ̀, pè mí. Ohunkóhun tó o bá sọ, mi ò ní kọ ọ́.