Ta Ló Dè É?

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè ru àpò ẹ̀wà láti ojú títì Bódìjà dé ìsọ̀ mi láìsinmi, mo ní ọkọ kan. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò bá a láyé. Fọ́tò rẹ̀ lẹ ń wò lára ògiri yẹn. Ẹ pa fóònù, ẹ jókòó.

Sójà ni. Ẹ̀yin lè máa pè é ní "wọn", èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ni, kì í ṣe ìjọba.

Ẹ gbọ́… kì í ṣe sójà tó ń gbé ìbọn kiri. Hẹlikópítà ni ti òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bàálù tó ní abẹ̀bẹ̀ lórí, tó ń dún pà-pà-pà-pà bí ẹni ń gbọn ẹní. Nítorí abẹ̀bẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ṣe ń pe ara wọn ní Alábẹ̀bẹ̀. Nígbà ogun, àwọn ló ń lọ kó àwọn tí ìbọn bà. Kápúténì ló ń wa bàálù. Làmídì, ọmọ Ìbàdàn, alágbára bíi màlúù, òun ló ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọlé. Àkànní, ọkọ mi, òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá tún bàálù ṣe, òun náà ni yóò kọ́kọ́ bá a gòkè. Ṣé ó yé yín? Tó o bá de nọ́ọ̀tì tí ò le, orí ara rẹ lo fi ń ṣeré. Mẹkáníìkì òde òní ńkọ́? Á tún mọ́tò rẹ ṣe tán, á ní kó o máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ!

Kí bàálù tó gbéra, Kápúténì á pariwo, "Ta ló dè é?" Àwọn yòókù á dáhùn, "Àkànní ló dè é!" Kápúténì á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ kó gòkè." Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sì sí ọ̀kan tó já bọ́ nínú èyí tí ọkọ mi dè. Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní kò sí ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fìdí kalẹ̀ sí. Àwa ń gbé Agbowó. Làmídì wà ní Baṣọ̀run, Kápúténì ń gbé ẹ́sítéètì Bódìjà. Láyé ìgbà tí a ń tò láti ra mílíìkì àti ọṣẹ nìyẹn. Tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò wa, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá wọ̀lú, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń jiyàn lórí ìyàwó.

Ìyá Gàníyù tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, ẹnu ẹ̀ ò dùn rárá. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé níbo lọkọ mi ń lọ tó fi lọ aṣọ gán-án-gán báyẹn. Mo ní ìpàdé Alábẹ̀bẹ̀.

Ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Ìyá Ṣadé! Ìbọn ò tà mọ́, ó wá ń ta abẹ̀bẹ̀!"

Mo ní, "Àlùbọ́sà ti bà ẹ́ lójú jẹ́, o ò ríran mọ́."

Ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ ti bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó alábẹ̀bẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Ó dùn mí o. Ọkùnrin tí ò jẹ́ kí bàálù kankan já, òun ni wọ́n sọ di oníkiri ọjà!

Àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá lọ, má jẹ́ kí wọ́n yìnbọn lórí mi. Mo ti gbọ́ ìbọn tó. Ṣáà jẹ́ kí àwọn Alábẹ̀bẹ̀ wá sin mí." Nígbà tó kú, mo gba ọjà lọ. Mo ní, "Gbogbo yín, ẹ wá o. Àwọn Alábẹ̀bẹ̀ ló máa sin ọkọ mi. Lọ́jọ́ náà lẹ ó mọ irú èèyàn tó jẹ́." Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó.

Ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú súùtánà funfun, pósí wà létí sàréè, àwọn sójà àtijọ́ tò gbọnrangandan. Àfi bí àwọn obìnrin ọjà ṣe wọlé. Ìyá Gàníyù ló ṣáájú. Gbogbo wọn, àti àgbà àti èwe, abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ hun ló wà lọ́wọ́ wọn! Wọ́n yí pósí ká, wọ́n ń fẹ́ ẹ.

"Bàbá Ṣadé, afẹ́fẹ́ rèé o! Ọjà yín á tà lọ́run o!"

Yéè! Mo tún ìró mi san. Mo fẹ́ fa ìyá yẹn ya. Kápúténì di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó wa, fi wọ́n sílẹ̀."

Ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Gàníyù. Ó gbé e sókè orí, ó ń fi í yípo, yípo, yípo. Làmídì gba tiẹ̀, ó ń yí i, ó ń fi ẹnu dún pà-pà-pà-pà, omi ń dà lójú ẹ̀. Àwọn sójà yòókù náà gbà. Kápúténì wá pariwo, ohùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya:

"Ta ló dè é?"

"Àkànní ló dè é!"

"Ó yá, ẹ jẹ́ kó gòkè."

Ìgbà náà ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Gàníyù sún mọ́ mi. "Ìyá Ṣadé, kí lọkọ yín ń ṣe gan-an?" Ó sọ mí di "yín", ẹ gbọ́ o! Mo ní, "Kì í jẹ́ kí bàálù já." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láéláé.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Làmídì ló kú tẹ̀ lé e. Alfa bi wá ní Baṣọ̀run pé kí la fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ ṣe níbi ìsìnkú Mùsùlùmí. Kápúténì ní, "Alfa, ooru ló ń mú wa." Ẹ̀yìn ọgbà la ti yí tiwa. Nígbà tó kan Kápúténì fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi tí n kò jáde ìwé kankan, mo gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, mo ní, "Ta ló dè é?" Ta ló kọ́kọ́ dáhùn? Ìyá Gàníyù ni! Ohùn tó fi ń polówó àlùbọ́sà ló fi dáhùn: "Àkànní ló dè é!"

Òun náà ti lọ. Ó ku èmi nìkan.

Lóde òní, tí bàálù bá kọjá lórí Ìbàdàn, ẹ ó sáré yà á ní fọ́tò. Ilé ń wó, mọ́tò ń pa èèyàn. Ẹ bèèrè pé ta ló dè é, kálukú á máa wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yòówù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ ṣe é bí ẹni tó máa kọ́kọ́ gùn ún.

Tó bá sì kan èmi, n ò fẹ́ báńdì onífèrè, n ò fẹ́ àwọn tó ń gbé pósí jó. Abẹ̀bẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Kí ọ̀kan bèèrè, kí àwọn yòókù dáhùn. Èmi ò wọ bàálù rí láyé mi, ṣùgbọ́n n ò ní bẹ̀rù. Mo mọ ẹni tó dè é.