Bàbá tó ń Gbọ̀n ní Téṣàn

Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, mo ń dúró de ọkọ̀ ní téṣàn lọ́sàn-án gangan, ni mo gbọ́ bàbá àáfà kan tó wọ agbádá méjì léra wọn, tó ń bá ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan sọ̀rọ̀.

"Ìyá, òtútù ń mú mi. Ẹsẹ̀ mi, orúnkún mi, ìbàdí mi, gbogbo rẹ̀ ló tutù."

"Kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀?"

"Fùrá tútù. Lọ́sàn-án, wàrà."

"Háà, àáfà! Iná inú yín ti ń kú lọ, ẹ tún ń bu omi sí i. Ẹ máa mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú atalẹ̀, kí ẹ sì máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣe àlùwàlá. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ara yín á ti móoru."

"Oṣù mẹ́ta kẹ̀? Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni yìgì mi! Ẹ fún mi ní èyí tó le, kó ràn lójú ẹsẹ̀."

"Ẹyin iná kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Bí mo bá ju ìtì igi lé e, á kú pátápátá. Ẹ lọ sún yìgì síwájú."

"Kí ni kí n wá sọ fún àwọn àna mi?"

Ìyá náà di atalẹ̀ fún un, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní ẹ ṣì ń dáná lọ́wọ́."