Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Péré

Ẹ má kí mi, Alàgbà Lábọ̀dé! Ẹ gbé ìkíni yẹn mì! Ṣebí ìkíni náà lẹ fi ba tèmi jẹ́ lánàá nínú gbọ̀ngàn ìjọ? Ẹ wò mí dáadáa, opó ni Damaris, kì í ṣe òmùgọ̀!

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni sinimá tí Táyé ọmọ mi ṣe. Ìjọba ò ràn án lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ kankan ò dá sí i, kámẹ́rà àlòkù tó rà n'Ílọrin ló fi ya bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè lóko wa lọ́nà Èrúkú, lọ́dún 1981, bàbá ò sì lò ju oṣù mẹ́ta lọ láyé lẹ́yìn ẹ̀. Ta ló kà á sí nínú yín? Àfìgbà tí àwọn ará Ìbàdàn tí wọn ò mọ̀ wá rí wò ó, tí wọ́n dìde pàtẹ́wọ́, lẹ wá rántí pé ọmọ Ọ̀sí ni! Ẹ ní ẹ ó yẹ́ ẹ sí. Mo ní ó dáa. Aṣọ tí mo fi ṣègbéyàwó ni mo ró wá!

Haa! Ẹ̀yẹ wo? Alága ọjọ́, igbákejì alága, bàbá ọjọ́, ìyá ọjọ́! Ọ̀sán gangan, a ti fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kí sinimá lè hàn, ooru ń pa wá, ẹ̀yin ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan látorí baba ńlá wọn, jẹnẹrétọ̀ ń mu bẹntiróò lọ! Ìgbà tí alàgbà ìjọ Odò-Ọwà dé, tí ẹrẹ̀ ti gbé mọ́tò rẹ̀ lọ́nà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni látòkèdélẹ̀ nítorí pé kò gbọ́ tàkọ́kọ́! Ṣé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń kún agbọ̀n ni? Táyé dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo rí i, ó ní, "Alàgbà, bẹntiróò ò pọ̀ o." Kí lẹ sọ? Ẹ ní a kì í fo àgbà dá!

Ẹ má tíì bẹ̀ mí! N ò tíì débẹ̀!

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wá wò? Gbogbo fọ́tò ọkọ mi tó wà nílé, ó lejú koko bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni! Táyé sọ fún mi pé ó kẹ̀yìn sí wa nínú sinimá náà títí, ìparí rẹ̀ ló tó ju ọkọ́ sílẹ̀, tó yíjú padà, tó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta rèé, Alàgbà, n ò rántí bí ẹ̀rín yẹn ṣe rí mọ́. Ó ń dùn mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Wọ́n wá tàn án. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àní mo rí àpá tó wà léjìká rẹ̀! Ó kọ ebè, ó kọ ebè, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń yíjú bọ̀ báyìí… òkùnkùn! Jẹnẹrétọ̀ kú! Ẹ̀yin wá ní ká fi àdúrà kádìí ẹ̀. Àdúrà! Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí kò jẹ́ kí n ju bàtà lù yín!

Ọ̀la ni ẹ̀rọ tí Táyé fi tan sinimá náà ń padà s'Íbàdàn, ó yá a ni. Nítorí náà, òní ni! Ẹ dìde, ẹ lọ wá bẹntiróò, kí ẹ fi orí yín rù ú wá síbí. Kò sí alága, kò sí bàbá ọjọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kí ẹnikẹ́ni, màá tú gèlè mi dí i lẹ́nu!

Kí lẹ tún ń wúkọ́ sí? Ẹ tún fẹ́ sọ̀rọ̀? Ha-ha! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí! Ẹ panu mọ́, Alàgbà, kí ọkọ mi ráyè rẹ́rìn-ín.