Ohun tí Habiba Ṣe sí Ọkọ̀ Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Habiba Àrówólò fẹ́ sọ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, ó ti sọ ọ́ fún ìkòkò nígbà tó ń fọ ìkòkò, ó ti sọ ọ́ fún ìrọ̀rí, ó ti sọ ọ́ lórí ẹní ìkírun títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀. Ènìyàn nìkan ni kò tíì sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n Ikrimah ọmọ rẹ̀ ti gba ìwé Mẹ́kà fún un, àwọn tí wọ́n sì jọ ń lọ ti ń káàkiri Adabraka ní Accra, wọ́n ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹbí àti aládùúgbò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni tó ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri. Gbogbo ilé tó dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dárí jì í. Nígbà tó wá dé ilé Mutala, fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, Nafisa ìyàwó Mutala gbé omi tútù fún un, ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣe fún wa tí a ó dárí ẹ̀ jì yín? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ṣẹ eṣinṣin." Habiba kò mu omi yẹn. Ó gbé ife sílẹ̀, ó bẹ Nafisa pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ wá sílé àwọn ní Sátidé. Nafisa wò ó tìyanu-tìyanu, nítorí Mutala kò tẹ ilé náà mọ́ láti ìgbà tí òun àti ọkọ Habiba ti jà. "Màá bá a sọ ọ́," ni Nafisa wí.

Mutala wá. Nafisa tẹ̀ lé e; etí ìlẹ̀kùn ni Mutala jókòó sí, kò ṣí fìlà, kò gba omi. Kàsímù ọkọ Habiba jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó ń wo fóònù tí kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀. Ikrimah àti Afeefah ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga. Bẹ́ẹ̀ ni Habiba kúnlẹ̀ sáàárín yàrá. Àgbà obìnrin tí orúnkún ń ro kì í ṣàdédé kúnlẹ̀ báyẹn, nítorí náà gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ó tó tún padà sí mi nínú," ó ní. "Mutala ò jalè rí. Èmi ni mo ṣe é."

Kàsímù gbójú sókè. "Kí lo ṣe?"

"Ọkọ̀ yín, Alhaji. Èmi ni mo ń bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ọkọ̀ tó ń wí yẹn, ìtàn rẹ̀ gùn. Kàsímù ti ta wáyà, gílóòbù àti fáànù ní ọjà Okaishie títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó gbé ṣọ́ọ̀bù lé Ikrimah lọ́wọ́, ilé wá sú u. Bó bá jí, ògiri ni yóò máa wò. Níbi tó ti ń wo fóònù kiri ló ti rí i pé àwọn òyìnbó kan ń ta ọkọ̀ tí wọn kò tíì tò: wọ́n á kó egungun rẹ̀ àti ara rẹ̀ àti gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú àpótí, ẹni tó bá rà á ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni onítọ̀hún yóò lọ wá lára ọkọ̀ àlòkù. Kàsímù ní òun tí òun ti ń so wáyà láti kékeré, kí ló wà níbẹ̀? Ó pe Mutala. Àwọn méjèèjì jọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán ní Adabraka ni; ọmọ Háúsá ni Mutala, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra lọ.

Láti ọjọ́ tí àpótí ti dé láti èbúté Tẹ́mà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ara ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe ti sán láti iwájú dé ojú iná. Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á sí pé ó tán, kí wọ́n tó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà, bẹ́ẹ̀ òfin Gánà kò gba ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́tùn-ún láyè. Kàsímù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀pẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀. Mutala gé irin, ó tún irin jó, ó kó sítíárì àti bírèkì wá sí òsì. Bó bá sì ti gbé ẹ̀rọ ìjórin báyìí, dúmsọ̀ á dé, iná á lọ, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí wọ́n rà, ó ti là nínú. Èkejì fẹ̀ ju àyè tó yẹ kó wọ̀ lọ. Wọ́n kun ọkọ̀ ní ọ̀dà pupa, ọyẹ́ da eruku bò ó kó tó gbẹ, ó wá rí bí ẹni tí èéyi mú. "Ọkọ̀ kọ́ ni mo rà," ni Kàsímù ń sọ, á sì fi ẹsẹ̀ ta táyà. "Ìyà ni mo rà, tí mo tún san owó ọkọ̀ ojú omi lé e."

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń jẹun nílé, ó ń kọrin, ó ń pe Habiba wá di irin mú. Habiba, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń rí láti ìgbà tí ó ti fẹ́ ẹ, wá rí ojú rẹ̀. Ó ń gbé kọ́kọ́ àti kòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà wọn níbẹ̀, fún un láàárọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohun tí Kàsímù ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń bọ̀ láti mọ́sálásí: "Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá parí, èmi ni n ó wà á dé Ìnísà, ìlú àwọn bàbá mi, fúnra mi. Tí mo bá sì ti dé ọ̀hún, ó parí. Accra ti tó."

"Inú kíṣíìnì ni mo wà," Habiba sọ fún wọn níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Ọwọ́ mi wà nínú omi. Adabraka ni wọ́n ti bí mi, Adabraka ni wọ́n sin ìyá mi sí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo bá Alhaji dé Ìnísà, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń sín èdè mi jẹ, ará Gánà, ará Gánà. Mo ní ṣé ibẹ̀ ni n ó lọ kú sí? Mo ní tí ọkọ̀ yẹn ò bá parí ńkọ́?"



Ó ní ọ̀sán Jímọ̀ ni òun máa ń ṣe é, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé bá ti lọ kírun. "Ẹ gbọ́ irú ènìyàn tí mo jẹ́! Lákòókò tí ẹ̀yin ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run." Àkọ́kọ́, ó mú àpò nọ́ọ̀tì kékeré kan, ó rì í mọ́lẹ̀ sínú ike ìrẹsì. Kàsímù wá a títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hú ilẹ̀ ilé. Habiba bá a wá a. Ó tilẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì fún un. Lẹ́yìn èyí, ó fi ọ̀bẹ tí ó fi ń gé àlùbọ́sà sá rọ́bà tí omi ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì lára, ó sá a lábẹ́, níbi tí ojú kò lè tó. Nígbà tó sì di pé Kàsímù to gbogbo wáyà, tó so àmì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Habiba pààrọ̀ àwọn àmì náà. Fíúsì ń jó lójoojúmọ́. Kàsímù tí ó ti fi wáyà jẹun láyé rẹ̀, ó di wáyà mú, ó ń sunkún, ó ní ó dà bí ẹni pé orí òun ti ń dàrú, ó dà bí ẹni pé arúgbó ti dé. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Habiba láyà. Kò dá a dúró.

"O rí mi tí mo ń sunkún," ni Kàsímù wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo rí yín, Alhaji."

Ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ké, gbogbo aládùúgbò ló pàtẹ́wọ́. Kàsímù àti Mutala dì mọ́ra wọn pẹ̀lú òróró lára. Kàsímù pariwo pé, "Ó di Ìnísà lẹ́yìn Iléyá!" Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Habiba tú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí ó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tí yóò fa epo àti ìgbà tí yóò taná. Ó ti ń wo Mutala nígbà tó ń dè é. Ó fi gèlè wé e, ó wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro dé oríta Circle, ó jù ú sínú gọ́tà ńlá, ó ra ọsàn, ó sì padà sílé.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá àyè rẹ̀ ní òfìfo, Mutala nìkan ni ẹni òde tó ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Síbẹ̀, Kàsímù kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kò jẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ lójú Mutala. "Ìyá Ikrimah, ṣé o rí ẹnikẹ́ni?"

 Afeefah fẹ́ fa Habiba dìde, Habiba gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Mo lè sọ pé n ò rí ẹnì kan. Ì bá parí síbẹ̀. Ta ló fi ọ̀kọ̀ tì mí? Ṣùgbọ́n mo sọ pé mo rí Mutala tó ń jáde, tí ó di nǹkan mọ́ abẹ́ aṣọ. Ẹ mọ̀ pé n kì í purọ́. Torí pé n kì í purọ́ ni irọ́ yẹn fi pa á."

Kàsímù ní kí Mutala fi Kùránì búra ní ọjọ́ yẹn. Mutala wò ó títí, ó ní, "Kàsímù, tó bá di pé Kùránì lo máa fi bi mí, kò sóhun tí mo lè sọ tí wàá gbọ́." Ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì sórí ọkọ̀, ó sì lọ. Kàsímù gba Abossey Okai lọ wá ọpọlọ ẹ́ńjìnnì mìíràn láti rà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá yà, bí wọ́n bá bi í pé ta ló mú ti tẹ́lẹ̀, á sọ fún wọn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ fún Mutala bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í bó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbé ọkọ̀ wá mọ́. Nafisa ló wá ń fi títa wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, gbọ́ bùkátà ilé. Kàsímù kò sì rí èyí tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Ó ju tapólì bo ọkọ̀, kò kọrin mọ́.

Nígbà tí Habiba sọ̀rọ̀ tán, Kàsímù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Ìnísà? Ta ni mo mọ̀ ní Ìnísà mọ́? Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kú tán. Ìfọ́nnu ni mò ń fọ́n fún àwọn ará mọ́sálásí! Habiba, ṣé o ò lè bi mí ni?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Kàsímù dìde, ó lọ síwájú Mutala.  Mutala na ọwọ́ dí i lọ́nà, kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Tìẹ ń bọ̀, Kàsímù. Ìwọ náà ò bi mí kí o tó gbé Kùránì." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Habiba. "Ìyá Ikrimah, n ò ní dènà Mẹ́kà fún yín. Níwájú Ọlọ́run, mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí lọ́wọ́ mi. Ó wà ní Abossey Okai, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ bá mi gbà á wá." Ó ké sí Nafisa, wọ́n sì jáde.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Habiba àti Afeefah ń wọ trotro lọ sí Abossey Okai. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ariwo òòlù kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ń sọ, á ní láti pariwo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń polówó. Sultan tó ń ta bírèkì gbọ́ ọ tán, ó ní òun ti gbàgbé, kí ló dé tí Màmá tún ń rán òun létí? Òmíràn rò pé Mutala ló rán an wá, pé ó san nǹkan fún un. Òmíràn tilẹ̀ ní kó ra táyà kó tó sọ̀rọ̀. Ikrimah ń pè é lórí fóònù pé ọjọ́ Mẹ́kà ti ń súnmọ́lé, pé Mutala sáà ti dárí jì í. Habiba ní kó fi àyè òun fún ẹlòmíràn bí ó bá dọjọ́ náà tí òun kò tíì parí.

Nílé, Kàsímù ti rí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Kò mọ bí yóò ṣe dè é. Ó pe Mutala, kò rò pé yóò gbé e. Mutala gbé e. Ó sọ fún un lórí fóònù wáyà tó yẹ kó kọ́kọ́ so àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan. Ẹ́ńjìnnì ké. "O gbọ́ ọ?" Kàsímù bi í. "Mo gbọ́ ọ," Mutala ní, ó sì pa fóònù. Kò wá.

Ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn ní Abossey Okai, Habiba bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Treasure nínú ṣọ́ọ̀bù iná ọkọ̀. Ó rò pé kò ní pọn dandan láti sọ fún un, nítorí ọmọ náà ní òun kò tíì pẹ́ lọ́jà. Ó kàn dárúkọ Mutala ni. Treasure bú sẹ́rìn-ín, ó fi èdè Twi bi í pé ṣé fítà tó jí ọpọlọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni? Habiba bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ọkùnrin kan tó wá rajà láti ìlú Kumasi, ọ̀nà jíjìn, ni. Ó ní wọ́n mọ ìtàn ọ̀hún dáadáa ní Kumasi.

Habiba jókòó sórí àpótí òfìfo kan.  "Afeefah, ọmọ mi," ó ní, "bí ẹ̀rù ohunkóhun bá ń bà ọ́ nílé ọkọ rẹ, la ẹnu ẹ, kí o bi í. Kó dáhùn ohun tó bá wù ú. Ohun tó burú jù tó lè sọ fún ẹ, ó ṣì kéré sí èyí tí mò ń wá kiri yìí. Bá mi sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Afeefah ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ó ti rẹ̀ yín."

Habiba di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dìde. Ó kọjú sí Treasure, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ọmọ mi," ó ní, "pa iṣẹ́ tì díẹ̀, kí o sì ní kí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì náà wá gbọ́. Orúkọ mi ni Habiba Àrówólò. Èmi ni olè tí wọ́n sọ fún ọ."