Àmì Kan Tí N Kò Fi Sí I

Ìwọ tó ń kàwé, bí ìwé kan bá pa ọ́ lẹ́kún, má tíì yin ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì mọ ọ̀rọ̀ í tò. Ṣùgbọ́n òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde báyìí, kí ẹlòmíràn má baà bá mi tú u síta.

Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, èmi ni mo tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kọ. Yàrá kan la háyà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àga méjì, tìmùtìmù kan ṣoṣo tí a máa ń jà sí. Á máa kọ, èmi á máa tẹ̀. Ẹ̀rọ wa kò ní àmì ohùn, bíró ni mo fi ń fi í sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ìyá Àmì. Ó ní bí mo bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, bàbá ẹni á di bàbà inú agbọ̀n. A máa ń rẹ́rìn-ín títí aránṣọ á fi fi igi gbá àjà láti ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn dùn o.

Ọkọ mi ti wáṣẹ́ lọ láti ọdún mẹ́rin nígbà náà, lẹ́tà rẹ̀ ti dákẹ́. Àwọn ará ilé ní kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo ní mò ń dúró. Báyìí ni mo ṣe dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Obìnrin inú ìwé náà, tí ọkọ fi sílẹ̀, di ẹrù rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá títì. Wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ni mò ń dúró dè." Ìwé parí. Mo wò ó títí. Bí èyí bá lọ, kí ni èmi ń jókòó ṣe? Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, mo fo ẹyọ kan. Ọkọ̀ di ọkọ. Ẹni tó ń lọ di ẹni tó ń dúró. Kì í ṣe àṣìṣe o, kí n má tún purọ́. Ọ̀rẹ́ mi béèrè bóyá gbogbo àmì ti pé, mo ní ó pé. Kì í sì í ka ìwé rẹ̀ mọ́ tó bá ti kọ ọ́ tán. Ó ní ẹni tó ti bí ọmọ kan kì í tún lóyún ọmọ náà.

Ọkọ mi kò dé títí dòní. Yàrá yẹn náà ni mo ṣì wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi rọra gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú lẹ́tà yunifásítì. Wọ́n yàn án láti wá gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún kan gbáko, kó kàn máa kọ̀wé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo kà á fún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn obìnrin yẹn ló jẹ́ kí àwọn yàn án, sùúrù tó dúró de ọkọ, àti pé yóò ka ojú ewé náà níwájú gbogbo ènìyàn. Ó rò pé n kò kà á dáadáa. Ó ní kí n ka ojú ewé náà fún òun látinú ìwé.

Bíró lè fo àmì. Ẹnu kò lè fò ó. Mo lè pe ọkọ̀, kí ojú wá lọ tì í lọ́hùn-ún. Mo pe ohun tó wà níbẹ̀.

"Obìnrin tèmi kò dúró de ọkọ," ó ní. "Ta ló ń dúró?"

"Èmi ni."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń bẹ ìwọ tó ń kàwé náà báyìí. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀rọ. Mo ti bébà bọ̀ ọ́, mo bi í pé kí ni kí n tẹ̀ sí yunifásítì.

"Èmi ò sọ nǹkan kan mọ́, Ìyá Àmì," ó ní. "Ìwọ ṣáà lo máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀."